Abẹ́rẹ́ ọ̀fẹ́ ọjọ́ kan kò tó: Ẹni tí yóò máa gbé àárín wọn ni ẹran ọ̀sìn abúlé Ìwó nílò

Kò sí agbo ilé kan ní Ìwó àti àwọn abúlé tó yí i ká tí èèyàn yóò wọ̀ tí kò ní bá ewúrẹ́ tàbí adìyẹ pàdé. Bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ èèpo iṣu lẹ́yìn ilé ìdáná ni adìyẹ ń fi ẹsẹ̀ tan ilẹ̀ lábẹ́ igi, tí àgùntàn sì dùbúlẹ̀ sí ojú títì bí ẹni pé òun ló ni ọ̀dà tí ìjọba dà síbẹ̀. Àwọn ẹran yìí ni owó tí ọ̀pọ̀ ìyá àgbà fi pamọ́, tí kò sí nínú báǹkì kankan. Bí owó ilé ìwé bá dé, bí ọmọ bá dùbúlẹ̀ àìsàn, bí ìnáwó òkú tàbí ti ìsọmọlórúkọ bá dé lójijì, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń gbà lọ láti fa okùn ewúrẹ́ kan lọ sí ọjà.

Ṣùgbọ́n owó yìí yàtọ̀ sí owó báǹkì, nítorí pé ó lè kú. Ẹni tó ní ewúrẹ́ mẹ́wàá ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù lè má ní ju méjì lọ kí oṣù náà tó parí. Bí ó bá sì ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí yóò san gbà-má-bínú fún un. Ohun tí àwọn aládùúgbò máa ń sọ ni pé àrùn ló wọ̀lú, pé Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n. Lóòótọ́ ni Ọlọ́run mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n àwọn dókítà ẹranko náà mọ̀ ọ́n. Wọ́n mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n mọ ohun tó ń fà á, wọ́n sì ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tó lè dá a dúró. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé ọ̀nà jìn púpọ̀ láàárín abẹ́rẹ́ náà àti ẹ̀yìnkùlé ìyá àgbà. Bí a ṣe lè mú ọ̀nà náà kúrú ni a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí.

ÀRÙN MẸ́TA TÓ Ń DA ILÉ RÚ

Àkọ́kọ́ nínú wọn ni èyí tí àwọn dókítà ń fi lẹ́tà mẹ́ta pè, ìyẹn PPR, tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta ẹran sì ń pè ní kata. Ọdún 1942 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ àkọsílẹ̀ nípa rẹ̀ ní ilẹ̀ Ivory Coast. Ewúrẹ́ àti àgùntàn ló ń bá jà, kì í ran èèyàn. Bí ó bá ti wọ ara ẹran, láàárín ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́fà, ara rẹ̀ á gbóná, á kọ oúnjẹ, omi á sì máa dà ní ojú àti imú rẹ̀. Kò ní pẹ́ tí omi náà á fi di ikun tó ki, tó lẹ̀ mọ́ imú. Egbò á yọ sí i lẹ́nu, ẹnu á máa rùn, ìgbẹ́ gbuuru àti ikọ́ á sì tẹ̀lé e. Ewúrẹ́ kúkúrú ilẹ̀ wa yìí, tí ara rẹ̀ le sí ọ̀pọ̀ àrùn inú igbó, kì í lè dúró níwájú kata. Nínú agbo tí àrùn náà kò wọ̀ rí, tí wọn kò sì fún ní abẹ́rẹ́, ó lè pa mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá.

Ìgbà ọyẹ́ àti ìgbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ló máa ń le jù lọ́dọ̀ tiwa. Ìgbà mìíràn tó tún yẹ kí a fiyè sí ni àsìkò Iléyá. Ìlú tí ẹ̀sìn Ìsìláámù ti rinlẹ̀ ni Ìwó láti ayé Ọba Mọmọdù Lámúyẹ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, kò sì sí Iléyá tí ọkọ̀ àgbò kì í wọlé láti òkè Ọya. Nínú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹran tí wọ́n rà láti ọjà oríṣiríṣi ló ń mí sí ara wọn ní imú fún odidi ọjọ́ kan tàbí méjì. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ní àrùn, tí ẹni tó rà á sì so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ewúrẹ́ ilé títí ọjọ́ ọdún fi pé, wọ́n á pa àgbò náà, wọ́n á jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n àrùn rẹ̀ á ṣẹ́kù sínú agbo.

Èkejì ni lùkúlùkú, àrùn adìyẹ tí òyìnbó ń pè ní Newcastle. Ọdún 1952 ni àwọn dókítà kọ́kọ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Nàìjíríà, ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti sin adìyẹ rí kò nílò àlàyé púpọ̀: adìyẹ á wú ìyẹ́, á máa tòògbé, á máa yàgbẹ́ tó rí bí omi ewé, ọrùn ẹlòmíràn á yí sẹ́yìn, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì tó mọ́, òkú á ti kún abẹ́ ibùwọ̀.

Ẹ̀kẹta ni dìgbòlugi. Èyí kò mọ sórí ẹran nìkan, ó ń pa èèyàn. Àwọn onímọ̀ fojú bù ú pé bí 59,000 èèyàn ni dìgbòlugi ń pa lágbàáyé lọ́dọọdún, Áfíríkà àti Éṣíà ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì wà. Bí a bá ka ọgọ́rùn-ún èèyàn tó kó o, mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún nínú wọn ló jẹ́ pé ajá ló kó o ràn wọ́n. Bí àmì àrùn náà bá ti yọ lára èèyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ń yè é. Àwọn àgbà ní, àrùn là ń wò, a kì í wo ikú. Dìgbòlugi kì í fún èèyàn láyè àti wo àrùn rárá, àfi kí a ti dènà rẹ̀ lára ajá.

ABẸ́RẸ́ TÓ TI ILÉ WA JÁDE

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ wa kò tíì gbọ́ nípa kata. Lọ́dún 1975, wọ́n mú kòkòrò àrùn náà lára ewúrẹ́ kan ní Nàìjíríà níbí, wọ́n sì pe orúkọ rẹ̀ ní Nigeria 75/1. Àwọn onímọ̀ gbé e lọ sí yàrá ìwádìí, wọ́n ń tọ́ ọ níbẹ̀ léraléra títí agbára tó ní láti pa ẹran fi tán, tó wá di ohun tó ń kọ́ ara ẹran bí yóò ṣe bá àrùn jà. Ní 1989 ni àwọn onímọ̀ tí Adama Diallo wà lára wọn gbé àbájáde iṣẹ́ náà jáde. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo yìí ń dáàbò bo ewúrẹ́ fún ọdún mẹ́ta, ó kéré tán.

Abẹ́rẹ́ tó ti ara ewúrẹ́ Nàìjíríà jáde yìí ti rìn jìnnà. Nígbà tí kata wọ ilẹ̀ Mòrókò ní 2008, òun ni wọ́n fi fún àgùntàn àti ewúrẹ́ wọn káàkiri orílẹ̀-èdè náà, tí àrùn náà fi kásẹ̀ nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó tún yọjú ní 2015. Ní 2015 yìí kan náà, àjọ FAO, tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé, àti àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìlera ẹranko ṣe ìpàdé ní ìlú Abidjan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pinnu pé kí kata di ohun ìgbàgbé ní gbogbo ayé tó bá fi di 2030. Ilé ìwádìí àrùn ẹranko tó wà ní Vom, nítòsí Jos, tí wọ́n dá sílẹ̀ láti 1924, ń ṣe abẹ́rẹ́ náà ní Nàìjíríà níbí.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Tiwa wá dà bí ẹni tó kó gbogbo ẹ̀ṣọ́ ròde tán, tó fi ilé sílẹ̀ lófo. Ewúrẹ́ ìlú òkèèrè ti jẹ àǹfààní ohun tó ti ara ewúrẹ́ wa jáde, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ abúlé wa, bẹ̀rẹ̀ láti ìtòsí odò Ọbà dé agbègbè Ọlá-Olúwa àti Ayédìre, ewúrẹ́ ṣì ń bí, ó ń dàgbà, ó sì ń kú láìjẹ́ pé abẹ́rẹ́ kankan kàn án lára.

ÀWỌN TÓ Ń ṢE É LỌ́FẸ̀Ẹ́

A kò lè sọ pé kò sí ẹni tó ń gbìyànjú. Láti 1963 ni ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko ti bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ibẹ̀ kò sì jìnnà sí Ìwó rárá. Ọdún mẹ́fà ni ọmọ fi ń kọ́ ọ. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Moor Plantation, Ìbàdàn, náà ń kọ́ àwọn tó ń ran dókítà ẹranko lọ́wọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ẹranko àti ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹranko ní Nàìjíríà a máa jáde ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án, tí í ṣe ọjọ́ dìgbòlugi lágbàáyé, láti fún ajá ní abẹ́rẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù kẹrin, tí í ṣe ọjọ́ àwọn dókítà ẹranko lágbàáyé, wọ́n a tún máa ṣe irú rẹ̀. Àwọn dókítà ẹranko tó ń sin ilẹ̀ bàbá wọn, ìyẹn àwọn àgùnbánirọ̀, náà wà lára àwọn tó ń lo ọjọ́ iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú láti wọ abúlé, kí wọ́n fún ẹran ní oògùn aràn, kí wọ́n sì kọ́ àwọn tó ń sìn wọ́n.

Iṣẹ́ àánú ni, ó sì yẹ kí a yìn wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń fi owó ara wọn wọ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ wọn bá ti gbéra padà.

Ewúrẹ́ ilẹ̀ wa a máa bímọ tó ìgbà mẹ́ta láàárín ọdún méjì, ìbejì sì wọ́pọ̀ lára wọn. Èyí túmọ̀ sí pé tí wọ́n bá fún gbogbo ewúrẹ́ abúlé kan lábẹ́rẹ́ lónìí, kí ọdún kan tó yí po, ọmọ tuntun tí abẹ́rẹ́ kò kàn á ti pọ̀ nínú agbo, wọ́n á sì ti ta àwọn àgbà tó gbà á. Adìyẹ ní tirẹ̀ nílò oògùn lùkúlùkú léraléra láàárín ọdún. Ajá nílò àfikún abẹ́rẹ́ lásìkò, àwọn onímọ̀ sì sọ pé ó kéré tán, àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ajá ìlú ló gbọ́dọ̀ gbà á kí dìgbòlugi tó lè kásẹ̀ nílẹ̀. Àwọn tó wá lọ́jọ́ kan kò lè kápá gbogbo èyí, bó ti wù kí ọkàn wọn dára tó.

Àsìkò tí wọ́n máa ń dé náà wà lára ìṣòro. Agogo mẹ́wàá àárọ̀ ni àlejò máa ń wọ abúlé, nígbà tí ewúrẹ́ ti jẹ lọ, tí adìyẹ ti tú ká, tí ìyá tó ni wọ́n sì ti lọ sí oko tàbí ọjà. Òwúrọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ tí ẹran bá wọlé ni wọ́n ṣeé mú, ẹni tó ń gbé abúlé nìkan ló sì lè wà níbẹ̀ nírú àsìkò bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́ fúnra rẹ̀. Bí a bá ń fún èèyàn ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún mẹ́ta, ó lè máa dúró de ọ̀fẹ́ mìíràn nígbà tó yẹ kí ó ra oògùn. Agbójúlógún fi ara rẹ̀ fóṣì tayé. Ìrànlọ́wọ́ tó bá sọ àgbẹ̀ di ẹni tó ń wo ojú ọ̀nà lásán, ọwọ́ kan ló fi ṣe oore, ó fi ọwọ́ kejì ṣe ìpalára.

OHUN TÍ ÀWỌN ẸLÒMÍRÀN TI ṢE

Ọ̀nà mìíràn wà, wọ́n sì ti gbà á rí ní Áfíríkà. Ẹ̀yin àgbà tó ń ka ìwé ìròyìn yìí á rántí àjàkálẹ̀ àrùn màlúù tí òyìnbó ń pè ní rinderpest, èyí tó pa màlúù lọ súà ní Nàìjíríà ní 1983. Àrùn náà kò sí láyé mọ́. Ní 2011 ni wọ́n kéde pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá, òun sì ni àrùn ẹranko àkọ́kọ́ tí ọmọ aráyé mú kúrò lórí ilẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ náà kù díẹ̀ kó parí, àwọn ibi tó le jù lọ ni ibi tí ogun wà, tí dókítà kò lè dé. Ní apá gúúsù ilẹ̀ Sudan, àwọn ọmọ darandaran fúnra wọn ni wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ náà. Wọ́n kó síríńjì lé wọn lọ́wọ́ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tuntun tó lè fara da oòrùn, ní 1993, màlúù tó ju mílíọ̀nù kan lọ ló sì gba abẹ́rẹ́. Ní agbègbè Afar ní ilẹ̀ Ethiopia, ogún èèyàn péré tí wọ́n kọ́ ló fún màlúù 73,000 lábẹ́rẹ́ ní 1994. Àwọn èèyàn náà kì í ṣe dókítà. Ọmọ ìlú ni wọ́n, wọ́n mọ olówó ẹran kọ̀ọ̀kan, wọ́n mọ ibi tí màlúù ti ń mumi, wọ́n sì mọ ìgbà tí wọ́n ń ṣí kúrò níbì kan lọ sí ibòmíràn.

Ní ti adìyẹ, oògùn lùkúlùkú kan wà tí wọ́n ń pè ní I-2, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Spradbrow àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní ilẹ̀ Ọsirélíà nítorí adìyẹ abúlé. Ẹ̀kán kan ni wọ́n ń kán sí ojú adìyẹ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́rin, kò sì tètè bàjẹ́ bí kò bá sí yìnyín fún ìgbà díẹ̀. Ní ilẹ̀ Mozambique àti Tanzania, àwọn ará abúlé, tí obìnrin pọ̀ nínú wọn, ni wọ́n kọ́ láti máa kán an. Aládìyẹ ń san owó kékeré lórí adìyẹ kọ̀ọ̀kan, owó náà ni wọ́n fi ń ra ìgò oògùn mìíràn, ẹni tó kán an sì ń rí èrè díẹ̀ nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ náà kò fi dúró nígbà tí àwọn àlejò lọ.

Nítòsí wa níbí náà, láti 1978 ni àjọ ìwádìí ẹran ọ̀sìn tó ń jẹ́ ILCA nígbà náà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ewúrẹ́ àti àgùntàn abúlé láti Ìbàdàn. Wọ́n rí i pé kata ló ń pa ewúrẹ́ jù, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ àrùn màlúù tí a sọ lẹ́ẹ̀kan gba ewúrẹ́ là, nítorí pé ìbátan ni kòkòrò àrùn méjèèjì. Agbo tó gba abẹ́rẹ́, tí wọ́n sì wẹ̀ kúrò lọ́wọ́ àrùn ara yíyún, ṣe dáadáa. Ìmọ̀ náà ti wà lọ́dọ̀ wa fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Ẹni tí yóò máa gbé e dé ojúlé ni kò sí.

BÍ A ṢE LÈ ṢE É NÍ ÌWÓ

Tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́ bá fẹ́ kí iṣẹ́ wọn pẹ́, a rò pé ohun tó dára jù kí wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́yìn ni èèyàn. Kí wọ́n wá, kí wọ́n fún ẹran lábẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́ ẹni méjì ní abúlé kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó lọ.

Ta ni kí abúlé yàn? Kì í ṣe ọmọ tó ń múra àtilọ sí Èkó. Ìyá tó ti ní ẹran tirẹ̀, tí àwọn èèyàn fọkàn tán, tàbí ọ̀dọ́ tó ti fìdí kalẹ̀ sí oko, ló yẹ iṣẹ́ náà. Kí ẹni kan lè ka nọ́ńbà tó wà lára ìgò oògùn, ó tó. Kí wọ́n má sì gbàgbé gáà àwọn Fúlàní. Ọ̀nà oko kan náà ni ẹran wọn àti tiwa ń tọ̀, odò kan náà ni wọ́n sì ń mu. Tí a bá fi gáà sílẹ̀, a kò tíì tilẹ̀kùn tán.

Kí ni kí wọ́n kọ́ wọn? Kí wọ́n kọ́ wọn láti dá kata, lùkúlùkú àti dìgbòlugi mọ̀. Kí wọ́n kọ́ wọn bí a ṣe ń fún ẹran lábẹ́rẹ́ abẹ́ awọ, bí a ṣe ń kán oògùn sójú adìyẹ, bí a ṣe ń fún ẹran ní oògùn aràn ní ìwọ̀n rẹ̀, bí a ṣe ń gé pátákò tó gùn jù, àti bí a ṣe ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ sínú ìwé. Kí wọ́n sì kọ́ wọn ní ohun tí kò yẹ kí wọ́n dáwọ́ lé. Òfin fi iṣẹ́ ìṣègùn ẹranko sí ọwọ́ dókítà tó ní ìwé àṣẹ, ẹni tí wọ́n kọ́ ní abúlé gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ irú dókítà bẹ́ẹ̀. Ibi tí agbára rẹ̀ bá mọ, kí ó pe dókítà lórí fóònù. Ẹni tó bá sọ ara rẹ̀ di dókítà lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ọjọ́ márùn-ún, ewu ló dì sápò.

Yìnyín ni ìṣòro tó kù. Abẹ́rẹ́ kata kì í fẹ́ ooru. Tí wọ́n bá ti fi omi rẹ̀ pò ó, láàárín wákàtí díẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ lò ó tán, kí ó sì wà nínú kúlà tí yìnyín kún. Gbogbo wa la sì mọ bí iná mànàmáná ṣe rí. Nítorí náà, kí wọ́n mú ọjọ́ kan fún ọ̀pọ̀ abúlé lẹ́ẹ̀kan náà, kí abẹ́rẹ́ gbéra láti ibi tí fíríìjì tó ṣeé gbára lé wà láàárín Ìwó, kí àwọn tí wọ́n ti kọ́ pín in lórí ọ̀kadà, kí ó sì tán kí oòrùn tó mú. Wọ́n gbọ́dọ̀ ti sọ fún onílé kọ̀ọ̀kan láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú pé kí ó so ẹran rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ti owó ńkọ́? Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ̀kọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́, kí abẹ́rẹ́ dìgbòlugi jẹ́ ọ̀fẹ́ nítorí ẹ̀mí èèyàn, ṣùgbọ́n kí onílé san owó kékeré lórí ewúrẹ́ àti adìyẹ. Owó tí ìyá bá fi gba ewúrẹ́ kan là kò tó owó ewúrẹ́ náà rárá. Ẹni tó bá san owó á bèèrè ìgbà tí èyí tó kàn yóò dé, ẹni tó gba owó á sì mọ̀ pé àwọn èèyàn ń retí òun.

Ìwó ní ohun tó tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Yunifásítì Bowen, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2001, wà ní ìlú náà, wọ́n sì ń kọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ẹran ọ̀sìn níbẹ̀. Ìbàdàn kò ju ìrìn wákàtí kan sí méjì lọ. Ìjọba àpapọ̀ dá ilé-iṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn nìkan sílẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2024, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun kò mọ ọ́fíìsì tí òun yóò kọ̀wé sí. Àwọn ọba, baálẹ̀, ìyálọ́jà, lèmọ́ọ̀mù àti pásítọ̀ ni ará abúlé ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Ìkéde kan ní mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀ àti ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi á mú kí ewúrẹ́ wà lórí okùn nígbà tí abẹ́rẹ́ bá dé.

OHUN TÍ Ẹ LÈ ṢE LÓNÌÍ

Kí èyí tó ṣeé ṣe, ẹ̀yin tó ní ẹran nílé kò gbọ́dọ̀ káwọ́ gbera. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kò ná yín ní owó púpọ̀.

Bí ẹ bá ra ewúrẹ́ tàbí àgbò láti ọjà, ẹ má ṣe dà á pọ̀ mọ́ ti ilé. Ẹ so ó sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí igbá omi rẹ̀ yàtọ̀, kí ẹ sì bójú tó ti ilé kí ẹ tó lọ bá a. Àgbò Iléyá wà lára rẹ̀.

Bí ẹran kan bá ń wúkọ́, tí imú rẹ̀ ń dà, tó sì ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ yà á kúrò láàárín àwọn yòókù lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì ké sí dókítà ẹranko tàbí ọ́fíìsì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ yín. Ẹ má ṣe sáré tà á. Ẹni tó bá ta ẹran aláìsàn lọ́jà, àrùn ló tà fún abúlé mìíràn, ó sì lè tún padà wá bá a nílé.

Adìyẹ tí lùkúlùkú bá pa, ẹ sun ún tàbí kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ jìn. Ẹ má ṣe jù ú sí ààtàn tí ajá yóò ti wọ́ ọ káàkiri. Kápúsù tí èèyàn ń lò kọ́ ni oògùn rẹ̀, nítorí pé kápúsù kì í pa irú kòkòrò tó ń fa lùkúlùkú tàbí kata. Ṣe ni lílò ó ní ìlòkulò ń mú kí oògùn náà má ṣiṣẹ́ mọ́ lọ́jọ́ tí ọmọ yín bá nílò rẹ̀. Bí dókítà bá sì ti fún ẹran ní oògùn, ẹ bi í léèrè iye ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ dúró kí ẹ tó pa á jẹ.

Bí ajá bá bu èèyàn jẹ, bó jẹ́ ajá ilé bó jẹ́ ti ìgboro, ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbé onítọ̀hún lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má ṣe fi àgbo tàbí epo dí i, kí ẹ má sì dúró wò bóyá yóò ṣàìsàn. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ ìṣègùn ẹranko, ẹ̀yin dókítà tó ti fẹ̀yìn tì, ẹ̀yin ọmọ Ìwó tó wà ní Èkó àti lókè òkun, tí ẹ ń wá ohun tí ẹ lè ṣe fún ilé, kò di dandan kí ó jẹ́ ilé ńlá tàbí kànga ẹ̀rọ. Kúlà mẹ́wàá, síríńjì, owó ọkọ̀ dókítà kan láti Ìbàdàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún, àti ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ kan fún ogún èèyàn, kò kọjá agbára ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan. Ogún èèyàn péré ló ṣe ti Afar. Kí ọyẹ́ tó dé ló yẹ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ìgbà tí imú ewúrẹ́ bá ti ń dà, abẹ́rẹ́ àjẹsára ti pẹ́ jù.